Amp Gìtá Tí Ò Wọ́n: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Èyí Tó Dáa fún Ìdánrawò Nílé

Tó bá jẹ́ pé gìtá oníná lẹ ní, tẹ́ ẹ wá ń wá amp, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá síta, tẹ́ ẹ máa fi ṣe ìdánrawò nílé, tí owó ọwọ́ yín ò sì pọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ dáadáa, torí owó tí ò pọ̀ yẹn gan-an ni kò yẹ kẹ́ ẹ fi ṣòfò. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kí wọ́n má kọ́kọ́ wo wáàtì. Ẹ wo yàrá tẹ́ ẹ ti fẹ́ máa lò ó, ẹ wo bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò yín, ẹ wo irú orin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi gìtá kọ. Amp kékeré tí ohùn ẹ̀ mọ́, tó ní ihò headphone, tó sì lè ṣiṣẹ́ nígbà tí NEPA bá mú iná, òun lẹ máa tàn lójoojúmọ́, èyí tẹ́ ẹ bá sì ń tàn lójoojúmọ́ ló máa sọ yín di onígìtá.

Combo ni wọ́n ń pe amp tí ẹ̀rọ àti sípíkà ẹ̀ jọ wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Èyí tí orí ẹ̀ wà lọ́tọ̀ tí sípíkà ẹ̀ náà sì wà lọ́tọ̀, ti orí ìtàgé nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ẹlòmíì á ní ṣebí home theatre wà ní pálọ̀, kí ló dé tí òun ò lè ki gìtá bọ̀ ọ́. Á dún o, àmọ́ ohùn ẹ̀ á tín-ín-rín, á gbẹ, torí ihò aux home theatre kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún pickup gìtá (ohun tó wà lábẹ́ okùn tó ń gba ohùn gìtá), ohun tí gìtá ń gbé wá kéré sí ohun tó ń retí. Sípíkà wọn náà ò jọra. Sípíkà gìtá kì í gbé ohùn tó bá ti ga ju bíi 5,000 Hz lọ dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ohùn gìtá rọ̀ létí, tí home theatre á sì gbé gbogbo ẹ̀ síta títí dórí bí èékánná ṣe ń ha okùn. Tó bá jẹ́ distortion, ohùn gìtá tó máa ń ya bíi ti rock, lẹ wá fi sí i, etí yín á máa ro.

Ẹ kọ́kọ́ pín owó yín

Ẹ má kó gbogbo owó lé amp nìkan. Ẹ yọ owó wáyà gìtá kúrò lára ẹ̀, mítà 3 ti tó fún inú yàrá, ẹ yọ ti headphone, ẹ yọ ti stabilizer tó bá jẹ́ pé iná yín máa ń lọ sókè sódò. Wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n máa ń fi ṣe jàrá gìtá tuntun kì í pẹ́ já nínú, ẹ ó wá máa rò pé amp ló bàjẹ́. Ihò headphone lára ọ̀pọ̀ amp jẹ́ ti ńlá, 6.35 mm bíi ti gìtá, ẹnu headphone fóònù sì jẹ́ 3.5 mm, torí náà ẹ ra orí kékeré tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀, kò wọ́n.

Nǹkan tó bá kù lẹ́yìn èyí ni owó amp. Kò sóhun tó burú nínú tòkunbọ̀ o, amp tó dáa máa ń pẹ́ láyé, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn kẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀ ilé iṣẹ́ táyé mọ̀ ju kẹ́ ẹ ra tuntun tí ò lórúkọ, tí iná pupa kàn ń ṣẹ́jú lára ẹ̀. Tí èyí tílé iṣẹ́ táyé mọ̀ ṣe bá bàjẹ́, ẹ ó rí ẹni tó mọ inú ẹ̀.

Wáàtì mélòó ló tó?

Ibí yìí ni wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn jù. Ẹni tó ń tà á á ní "ẹ̀gbọ́n, eléyìí 50 wáàtì ni o, tọ̀hún 10 péré ni", ẹ ó wá rò pé 50 máa pariwo ju 10 lọ nígbà 5. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po 2, decibel (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ló fi lọ sókè, ìyàtọ̀ tí etí kàn máa fura sí ni. Kó tó lè dún létí èèyàn bí ìlọ́po 2, wáàtì ní láti tó bí ìlọ́po 10. Ìyẹn ni pé amp 100 wáàtì á kàn dún tó ìlọ́po 2 amp 10 wáàtì ni, tó bá jẹ́ irú sípíkà kan náà ni wọ́n ń lò.

Fún inú yàrá, wáàtì 3 sí 20 ti tó, ó ti tó dáadáa. Nínú face-me-I-face-you, wáàtì 10 tẹ́ ẹ bá ṣí dé ìdajì, ẹni tó wà níyàrá kejì á wá kan ilẹ̀kùn. Amp ńlá tẹ́ ẹ sì ń lò ní ìsàlẹ̀-ìsàlẹ̀ nìkan, fólúùmù ẹ̀ á máa fò ni, ẹ yí i díẹ̀ báyìí kò dún, ẹ tún fọwọ́ kàn án, ó ti gba gbogbo ilé.

Tó bá jẹ́ pé ẹ tún fẹ́ máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí dírọ́ọ̀mù wà, ọ̀rọ̀ yí padà, torí dírọ́ọ̀mù gidi á bo amp 10 wáàtì mọ́lẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní ihò tí wọ́n lè gbà fà á lọ sínú mixer, tàbí èyí tó lè dín agbára ara ẹ̀ kù tó bá délé. Boss Katana 50 jẹ́ irú ẹ̀, 50 wáàtì pẹ̀lú sípíkà 12 íńṣì, àmọ́ ohun kan wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ lè yí kó di 25 tàbí kó di 0.5 wáàtì. Ó wọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù tí mo máa dárúkọ lọ o, àmọ́ iṣẹ́ amp méjì ló ń ṣe.

Ti sípíkà ò gba àlàyé púpọ̀. Íńṣì 6 sí 8 dáa fún ilé. Èyí tó jẹ́ íńṣì 3 tàbí 4 rọrùn láti gbé kiri, àmọ́ okùn òkè gìtá, èyí tó nípọn jù, ò ní fi bẹ́ẹ̀ ní ara nínú ẹ̀.

Irú ẹ̀rọ tó wà nínú ẹ̀

Oríṣi 3 lẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń lo valve, àwọn gílóòbù kékeré tó máa ń pọ́n yòò nínú ẹ̀yìn amp. Ohùn ẹ̀ dùn, mi ò lè parọ́, àmọ́ ó wọ́n, ó wúwo, valve máa ń gbó tẹ́ ẹ ó fi pààrọ̀ ẹ̀, iná tó ń gòkè tó ń sọ̀ kò sì bá a lára mu. Inú ẹ̀ tún máa ń tọ́jú iná tó lè pààyàn pa mọ́ kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí náà kò yẹ kí ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ṣí i. Tí owó yín ò bá pọ̀, ẹ gbójú kúrò.

Èkejì ni èyí tó ń lo transistor lásán, ohun kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ valve. Fender Frontman 10G (10 wáàtì, sípíkà 6 íńṣì), Marshall MG10 àti Vox Pathfinder 10 (àwọn méjèèjì 10 wáàtì, 6.5 íńṣì), Orange Crush 20 (20 wáàtì, 8 íńṣì). Bọ́tìnnì wọn ò pọ̀, kò sí nǹkan tó máa dààmú yín, ẹ tàn án, ẹ máa ta gìtá yín lọ.

Ẹ̀kẹta ni modelling, ìyẹn èyí tó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú tó ń sín oríṣiríṣi amp jẹ. Fender Champion 20 wà níbẹ̀ pẹ̀lú sípíkà 8 íńṣì, Blackstar ID:Core náà wà níbẹ̀, Katana tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ oríṣiríṣi ohùn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn lè fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ yí bọ́tìnnì, kó má ta gìtá kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta jùjú, highlife tàbí orin ìyìn, ohùn clean, ìyẹn èyí tó mọ́ tí kò ní distortion, lẹ máa lò lọ́pọ̀ ìgbà, òun sì ni kẹ́ ẹ fi yan amp. Nínú jùjú, gìtá bíi 3 tàbí 4 lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbọ́ bí gìtá inú ẹgbẹ́ King Sunny Adé ṣe máa ń dá ara wọn lóhùn, tí steel guitar Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù á tún máa fà gùn-ùn-gùn lókè wọn. Ká ní distortion ni gbogbo wọn fi sí i ni, ẹ ò ní mọ ta ló ń sọ kí ni. Torí náà tí amp kan bá ní ohùn 20 tí clean ẹ̀ ò sì dùn, kò ṣe yín lóore. Kódà ẹ̀yin lẹ lè lo amp kíbọ́ọ̀dù dípò, tó bá ti wà nílé, torí òun fẹ́ràn ohùn tó mọ́, àmọ́ ẹ má fi distortion lásán sí i. Òdì kejì ẹ̀ ló léwu: ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ki gìtá bass bọ amp gìtá yín kó wá ṣí i sókè, sípíkà ẹ̀ máa ya.

Ọ̀rọ̀ iná

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ síbí, torí òun ló ń pa amp jù nílẹ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston tàbí Atlanta máa ń fẹ́ fi amp ránṣẹ́ sílé, kí Ọlọ́run bù kún wọn, àmọ́ iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì (volt), tiwa jẹ́ 230. Tẹ́ ẹ bá ki amp 120 bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, fíùsì á jó, ìyẹn tó bá jẹ́ pé orí kó yín yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ trànsífọ́mà inú ẹ̀ ló máa jó. Ti Japan tún lọ sílẹ̀ sí i, 100 fóòtì. Ti London ò ní wàhálà, fóòtì wọn àti ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì wọn bá tiwa mu. Ti Jámánì, fóòtì bára mu, ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì nìkan ló yàtọ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí amp náà sẹ́yìn, ẹ wo ibi tí wáyà iná ti wọlé, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀: "230V 50Hz" tàbí "120V 60Hz", àti iye wáàtì iná tó ń jẹ. Àwọn kan ní ibi tẹ́ ẹ lè yí láti 115 sí 230, ìyẹn dáa gan-an. Tó bá jẹ́ 120 nìkan, ẹ ó ra step-down, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná 230 di 120, kí agbára step-down náà sì ju iye tó wà lẹ́yìn amp lọ dáadáa, ká ní wọ́n kọ 40 wáàtì, ẹ ra ti 100. Ẹ wá ṣírò owó step-down mọ́ owó amp kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Èyí tó ń lo àdáptọ̀ bíi ti láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n bá kọ 100-240V sára àdáptọ̀ náà, ẹ fọkàn balẹ̀, kò síbi tí kò ti ní ṣiṣẹ́. Tí àdáptọ̀ ẹ̀ bá ti sọnù, ẹ má kàn ki àdáptọ̀ èyíkéyìí tí ẹnu ẹ̀ wọ̀ ọ́ bọ̀ ọ́. Fóòtì gbọ́dọ̀ bára mu, pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù ẹnu ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bára mu, wọ́n máa ń yàwòrán ẹ̀ sí ara amp.

Ẹ̀yin tí iná yín kì í dúró, amp tó ń lo bátìrì ni mo máa bá yín mú. Roland Micro Cube GX jẹ́ wáàtì 3, sípíkà 5 íńṣì, bátìrì AA 6 ló ń gbé, kò gbà yín lówó bẹ́ẹ̀ kò kún ilẹ̀, ó sì ní ihò headphone àti ihò tẹ́ ẹ lè so fóònù mọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, tí mo ń gbé ní yàrá kan, òun ni mo máa kọ́kọ́ wá. Boss Katana Mini náà, wáàtì 7, 4 íńṣì, bátìrì AA 6. Blackstar Fly 3 kéré jù wọ́n lọ, bíbá èèyàn rìnrìn àjò ló dáa fún. Yamaha THR10 (ti àkọ́kọ́, kì í ṣe THR10II) ń lo AA 8, ohùn ẹ̀ kún yàrá dáadáa, àmọ́ owó ẹ̀ ti ń gòkè. Ẹ ra bátìrì tí wọ́n máa ń cháàjì, torí AA lásán á máa ná yín lówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Tó bá jẹ́ ínfátà lẹ ń lò, tí amp wá ń kùn hùn-ùn-ùn, ẹ má tètè gbé e lọ fún oníṣẹ́. Ínfátà tí kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ kì í lọ geere bíi ti NEPA, máa ń fa ariwo yẹn. Ẹ gbé e sórí NEPA kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà, tí ẹnì kan bá tan áyọ́ọ̀nù, iná á sọ̀, tó bá pa á, iná á fò sókè, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ yọ owó stabilizer sọ́tọ̀. Ẹ máa pa amp kẹ́ ẹ tó yí iná láti jẹn sí NEPA.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì torí kó lè wọ ẹ̀sítẹ́nṣọ̀n. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Okùn gìtá yín ní ìsopọ̀ mọ́ ara amp nípasẹ̀ wáyà, ọwọ́ yín wà lórí okùn, tí iná bá jò sára amp tí kò sì rọ́nà gbà lọ, ara yín ló máa gbà kọjá, pàápàá tí ẹnu yín bá tún kan gbohùngbohùn. Ó ti pa àwọn olórin.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù

Yálà Aláàbà lẹ lọ ni tàbí ilé ẹni tó polówó ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé gìtá tiyín àti wáyà tiyín dání. Gìtá olówó ńlá tí wọ́n bá gbé fún yín níbẹ̀ máa ń mú kí amp tí ò dáa dùn.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n tàn án láìtíì ki gìtá bọ̀ ọ́, fólúùmù ní 0. Kó dákẹ́. Ẹ wá gbé fólúùmù sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbọ́ ṣííí kékeré, ìyẹn ò burú, tó bá jẹ́ hùn-ùn-ùn tó lágbára ni, ìṣòro wà. Ẹ ki gìtá bọ̀ ọ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn báyìí, ẹ dúró síbi kan, kẹ́ ẹ máa yí ara yín díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́. Tí ariwo yẹn bá ń pọ̀ tó tún ń dín kù bẹ́ ẹ ṣe ń yí, pickup gìtá yín ló ń gbé e, irú pickup tí wọ́n ń pè ní single coil máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, amp ò jẹ̀bi. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ máa fura sí amp.

Ẹ fi í sí clean, ẹ fi gbogbo bọ́tìnnì tone sí àárín, fólúùmù níbi tẹ́ ẹ máa fi í sí nílé lóru, kì í ṣe ibi tí ẹni tó ń tà á fẹ́ fi í sí o, torí gbogbo amp ló ń dùn tó bá pariwo. Ẹ ta orin tọ́wọ́ yín mọ̀ dáadáa. Ṣé ohùn ṣì ní ara ní ìsàlẹ̀ yẹn? Tẹ́ ẹ bá ta kọ́ọ̀dù, ṣé ẹ ń gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan? Lẹ́yìn náà ẹ ta okùn tó nípọn jù lágbára, ẹ jẹ́ kó dún tán. Tí nǹkan bá ń gbọ̀n zzz lẹ́yìn ẹ̀, ó lè jẹ́ síkúrù tó dẹ̀, ó sì lè jẹ́ sípíkà tó ti ya, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín wo bébà sípíkà náà yíká.

Ẹ yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá ń ha krẹ́krẹ́, ìdọ̀tí ló wọ̀ ọ́, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí i wà, ẹ fi já owó lulẹ̀ ni. Ẹ mi orí wáyà nínú ihò gìtá díẹ̀, tí ohùn bá ń já, ihò náà ti dẹ̀, ìyẹn náà ṣe é jó padà. Àmọ́ tó bá ń rùn bíi wáyà tó jó, ẹ gbé gìtá yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Tòkunbọ̀ ní tirẹ̀, ẹ wo orí síkúrù ẹ̀yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá ti jẹra, á jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n yọ fíùsì tí wọ́n bá lè yọ ọ́ láti ẹ̀yìn, kí wọ́n fi hàn yín. Tó bá jẹ́ bébà sìgá tàbí wáyà ni wọ́n wé mọ́ ọn, amp yẹn ti ń jó fíùsì fún ìdí kan, wọn ò sì wá ìdí náà rí.

Ẹ má gbàgbé ihò headphone. Ẹ ki headphone yín bọ̀ ọ́, sípíkà gbọ́dọ̀ dákẹ́, ohùn gbọ́dọ̀ wà létí méjèèjì. Ẹ so fóònù mọ́ aux, ẹ fi ìlù sí i, ẹ gbọ́ bóyá ẹ lè máa ta gìtá lé e lórí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe nílé, orí ìlù látinú fóònù lẹ ó ti ṣe é.

Nígbà tẹ́ ẹ bá gbé e délé

Ẹ gbé e sórí àga tàbí àpótí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ojú sípíkà wo etí yín. Tó bá wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ yín ló ń kọrin fún, ẹ ó máa fi treble kún un lásán, ilẹ̀ á sì máa gbé bass lọ sí ọ̀dọ̀ ará ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lára ògiri díẹ̀. Aṣọ kan ni kẹ́ ẹ fi máa bò ó lọ́gbẹlẹ̀ torí eruku, àmọ́ ẹ ṣí aṣọ náà kẹ́ ẹ tó tàn án, kó lè mí.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì bá a ṣàdéhùn pé ẹ lè dá a padà láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, kódà tó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Nínú àwọn ọjọ́ yẹn, ẹ lò ó fún wákàtí 2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìpa á, torí àléébù míì kì í jáde àfi tí inú ẹ̀ bá gbóná. Tí ohùn bá ń rẹlẹ̀, tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú rìsíìtì yín lọ́wọ́.